Káfíńtà Tó Dá Ihò Lu Tábìlì Ìyàwó Rẹ̀

Ẹjọ́ kan dé ààfin lánàá, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá, kí ẹni tó ń gbálẹ̀ tó gbálẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Obìnrin aránṣọ kan ló gbé e wá. Ọkọ rẹ̀ ló pè lẹ́jọ́, káfíńtà ni. Ọkọ yìí ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n Mo-Lè-Ṣe-É ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ lọ rà, èsì kan ṣoṣo ló ń fún onítọ̀hún.

Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé ẹ̀rí wọlé. Tábìlì ni. Ó gùn ju ènìyàn tó dùbúlẹ̀ lọ, pákó rẹ̀ nípọn, ojú rẹ̀ sì ń dán. Ní àárín gbùngbùn rẹ̀, ihò kan wà tó fẹ̀ tó àwo ìjẹun.

Baálẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń kí ní Kábíyèsí bí ọba, wo ihò náà títí. Ó wá bi aránṣọ:

"Kí ni mò ń wò yìí?"

"Kábíyèsí, tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ ni. Ìyá mi ló fi sílẹ̀ fún mi."

"Ihò yìí ńkọ́?"

"Ọkọ mi ló fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi."

Olóyè obìnrin tó jókòó sí apá òsì Baálẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Olóyè àgbà tó wà ní apá ọ̀tún kò tíì rí ohunkóhun; ó ń wá gíláàsì ojú rẹ̀ nínú àpò.

"Ṣùgbọ́n ihò kọ́ ló dùn mí jù, Kábíyèsí," aránṣọ ní. "Etí rẹ̀ ni. Ìyá mi kì í lo téèpù. Okùn ló fi ń wọn ènìyàn, á wá fi ọ̀bẹ gé àmì sí etí tábìlì. Láti igun dé ibi àmì yẹn ni gígùn ẹ̀wù oníbàárà náà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì, á fín àwòrán kékeré kan kó lè mọ ẹni tó ni ín: ẹja fún ẹni tó ń ta ẹja, kọ́kọ́rọ́ fún ẹni tó ń tún kọ́kọ́rọ́ ṣe. Bí wọ́n bá ránṣẹ́ sí mi lónìí pé kí n rán ẹ̀wù, mi ò ní kí wọ́n wá. Mo ti mọ̀ wọ́n létí tábìlì. Ọkọ mi ti fá gbogbo ẹ̀ dànù."

"Ó fá a?"

"Ó fá a, Kábíyèsí. Kò ku ẹyọ kan."

"A óò dé etí," Baálẹ̀ ní. "Rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Ọkọ mi ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní rúta. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń dì í mú. Abẹ rẹ̀ ń yí kíákíá, ó ń gbẹ́ etí igi, ó sì ń la ojú ọ̀nà sára pákó. Èmi ò bá ẹ̀rọ jà. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní ọdún yìí, ó ní òun fẹ́ tábìlì tí òun máa dorí ẹ̀rọ náà kodò sábẹ́ ẹ̀, kí abẹ rẹ̀ yọ sókè láàárín, kó jẹ́ pé igi ni òun á máa tì lọ bá a. Mo ní, 'Ṣé wọ́n ń tà á?' Ó ní wọ́n ń tà á. Mo ní, 'Ẹ jẹ́ ká lọ rà á, èmi gan-an á dá sí i.' Kábíyèsí, ńṣe ló wò mí bí ẹni tó bú bàbá rẹ̀."

Mo-Lè-Ṣe-É fò dìde. "Káfíńtà kì í ra tábìlì! Ṣé apẹja ń ra ẹja ni?"

"Bí kò bá rí pa, ó ń rà," olóyè obìnrin dá a lóhùn. "Jókòó."

Ó jókòó. Aránṣọ ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Ó kan àkọ́kọ́ ní oṣù kìíní. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní, kò sí méjì tó dọ́gba. Bí ẹ bá gbé ife omi lé e, omi á kọ́kọ́ dà, ife á tẹ̀lé e. Ó kan èkejì ní oṣù kẹta. Ó fi sílẹ̀ síta, òjò pa á, ó tẹ̀ bíi ṣíbí. Ìyẹn ló bí ẹ̀kẹta. Kí òjò má bàa pa á, inú yàrá wa ló ti kàn án. Kò wọn ẹnu ọ̀nà."

"Kò wọn kí ni?"

"Ẹnu ọ̀nà, Kábíyèsí. Ó ti fi gúlù lẹ̀ ẹ́ pa, kò ṣeé tú. Láti oṣù kẹfà ló ti wà níbẹ̀. Orí rẹ̀ là ń gbà dé ibùsùn."

"Ẹ ń gun tábìlì kẹ́ ẹ tó sùn?"

"A ń gun òkè, a ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti bó lẹ́ẹ̀mẹta."

Olóyè obìnrin na ìka kan sí ọkọ. "Láti oṣù kìíní, oṣù mélòó ni gbogbo èyí gbà ọ́?"

Aránṣọ ló dáhùn fún un. "Oṣù mẹ́jọ àti ọjọ́ mọ́kànlá."

"Ìyẹn ti kúrò ní tábìlì. Oyún ni."

"Ní gbogbo àsìkò náà, Màámi, kò kan fèrèsé, kò kan ilẹ̀kùn, kò kan àpótí ìjókòó. Tí àwọn oníbàárà bá dé, á ní kí wọ́n ní sùúrù, òun ń múra sílẹ̀."

Baálẹ̀ mi orí. "Ẹni tó fi ogún ọdún múra wèrè, ìgbà wo ni yóò bu ni jẹ?"

"Ó ti bu èmi jẹ, Kábíyèsí. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹsàn-án, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo lò. Mo fi tábìlì mi sílẹ̀ ní odindi. Mo dé, mi ò bá a ní ṣọ́ọ̀bù mi. Mo bá a ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ẹ̀rọ ń fì lábẹ́ rẹ̀ bí ọmú màlúù."

Gbogbo ilé hó. Baálẹ̀ gbé ọwọ́ sókè kí wọ́n dákẹ́, ó wá kọjú sí ọkọ.

"Ṣé ìwọ lo ṣe é?"

"Kábíyèsí, èmi ni mo tún un ṣe."

"Mo ní, ṣé ìwọ lo dá ihò lu tábìlì ìyàwó rẹ?"

"Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, Kábíyèsí. Tábìlì rúta kò béèrè nǹkan púpọ̀. Kó tẹ́jú, kó wúwo, kó má mì. Mo wá gbogbo ilé wa kiri. Ilẹ̀ wa ò tẹ́jú. Ògiri wa ò tẹ́jú. Ohun kan ṣoṣo tó tẹ́jú nínú ilé náà ni tábìlì yìí. Ogójì ọdún ni ìyá ìyàwó mi fi ń tẹ́ aṣọ lé e, tó ń fi ọwọ́ nù ún. Kò sí ìfági tó lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn láéláé. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ á mọ̀ pé ńṣe ni mo fi yin ìyá yẹn."

Olóyè àgbà ti rí gíláàsì rẹ̀. Ó fi í sójú, ó wo inú ihò, ó rí bàtà ara rẹ̀ nísàlẹ̀. "O fi ihò yin ìyá ìyàwó rẹ."

"Ẹ sáà wò ó, Bàbá, bó ṣe gún régé!"

"Ṣé o bi ìyàwó rẹ kí o tó lù ú?"

"Kò sí nílé, Bàbá."

"Nígbà tó dé ńkọ́?"

"Nígbà tó dé, ihò ti wà níbẹ̀. Kí ni mo tún fẹ́ bi í? Èmi rò pé á máa gé aṣọ ní ibi tó kù. Àárín nìkan ni ihò gbà. Kó yí i ká ni."

"Kí n yí i ká!" aránṣọ kígbe. "Lọ́jọ́ Sátidé mo tẹ́ aṣọ oníbàárà lé e. Sísọ́ọ̀sì wọ ihò, ọwọ́ mi tẹ̀lé e, ó la aṣọ náà láti ọrùn dé ìdí. Obìnrin yẹn ní ṣé aṣọ ìkélé lòun ní kí n rán fún òun ni."

"O ò wo iwájú rẹ ni," Mo-Lè-Ṣe-É ní.

"Ẹ ò gbọ́ o!"

"Ó tó," Baálẹ̀ ní. "Mo-Lè-Ṣe-É, ká tilẹ̀ gbà pé ihò dára. Ṣé tábìlì náà ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́ gan-an, Kábíyèsí! Mo ní ẹlẹ́rìí."

Ẹlẹ́rìí rẹ̀ jáde. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, ó ń ṣe wẹ́dà, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí fèrèsé Mo-Lè-Ṣe-É. Báńdéèjì funfun ni wọ́n fi di orí rẹ̀.

"Kábíyèsí, ojú mi ló ṣe," wẹ́dà ní. "Kò sí àléébù kankan. Igi wọlé, igi jáde."

"Ó jáde gba ibo?"

Wẹ́dà wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ó gba... ibi tí igi máa ń gbà."

"Kí ló ṣe ọ́ lórí?"

"Ògiri ni mo fi gbá, Kábíyèsí."

Mo-Lè-Ṣe-É lu itan rẹ̀. "Kẹ̀kẹ́! Kẹ̀kẹ́ lo ti ṣubú! Ṣé bí a ṣe fẹnu kò sí nìyẹn?"

Ẹ̀rín gba ilé. Ẹni tó ń gbálẹ̀ pàápàá jókòó sórí ìgbálẹ̀ rẹ̀. Wẹ́dà ní kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun lọ jókòó, wọ́n ní kó dúró síbẹ̀.

Aránṣọ náà ní ẹlẹ́rìí. Káfíńtà ni òun náà, aládùúgbò wọn. Mo-Lè-Ṣe-É ló sọ ọ́ ní Ra-Á-Wá, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Ó wọ ẹ̀wù tó mọ́ tónítóní, kò sí ìyẹ̀fun igi kan lára rẹ̀.

"Kábíyèsí, èmi á sọ bó ṣe jẹ́," Ra-Á-Wá ní. "Tí ènìyàn bá di rúta mú lọ́wọ́, apá òsì ló ti ń tì í lọ sápá ọ̀tún. Ọwọ́ gbogbo wa ti mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dorí ẹ̀rọ kodò, abẹ rẹ̀ náà á máa yí sódì. Igi gbọ́dọ̀ máa wá láti apá ọ̀tún. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tó bá tábìlì tèmi wá. Ẹni tó kan tirẹ̀ fúnra rẹ̀, kò sí ìwé níbẹ̀. Ó ti igi láti apá òsì bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Abẹ gbá igi mú, ó sọ ọ́ gba fèrèsé bí òkò, ó lọ bá ọkùnrin yìí níbi tó jókòó sí jẹ́jẹ́."

"Ṣé o wà níbẹ̀?"

"Rárá, Kábíyèsí. Ṣùgbọ́n nígbà tí igi náà kúrò lórí rẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ló balẹ̀ sí."

"Irọ́ ni!" Mo-Lè-Ṣe-É ní. "Igi yẹn ò dé ọ̀dọ̀ ẹ. Ẹnu ọ̀nà wẹ́dà ni mo ti lọ he é."

Baálẹ̀ ní, "O ṣeun."

Ó gba Mo-Lè-Ṣe-É ní ìṣẹ́jú kan kó tó mọ ohun tí òun sọ.

Ra-Á-Wá rẹ́rìn-ín músẹ́. Bóyá bí kò bá rẹ́rìn-ín ni, wọn ì bá jẹ́ kó lọ. Olóyè obìnrin pè é padà.

"Ìwọ ra tìrẹ."

"Mo rà á, Mà. Irin ni ojú rẹ̀. Wọ́n ti wọn gbogbo ẹ̀ pé kó tó kúrò níbi tí wọ́n ti ṣe é. Ẹni tó bá kàn án á lo oṣù mẹ́jọ. Ẹni tó bá rà á, lọ́jọ́ kejì ló ń ṣiṣẹ́."

"Ìgbà wo lo rà á?"

"Ọdún kejì ti ń parí lọ."

"Kí lo ti fi ṣe?"

Ra-Á-Wá wo àjà. "Mo ti tò ó, Mà."

"Mo ní kí lo ti fi ṣe."

"Ọ̀rá tí wọ́n fi wé e ṣì wà lára rẹ̀. Irin yẹn ń dán, Mà, mi ò fẹ́ kó lápàá."

"Ó ń jẹun lórí ẹ̀!" Mo-Lè-Ṣe-É ti tún dìde. "Èmi fi ojú mi rí i! Àwo, ife, gbogbo ẹ̀!"

"Ó tẹ́jú," Ra-Á-Wá ní. "Ọbẹ̀ kì í dà lórí ẹ̀."

Baálẹ̀ wo ọ̀kan, ó wo èkejì. "Ọ̀kan ń kan tábìlì, kò gbẹ́ igi. Ọ̀kan ra tábìlì, kò gbẹ́ igi. Ẹ̀yin méjèèjì sì ni káfíńtà àdúgbò yìí. Mo ti wá mọ ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń fi aṣọ dí fèrèsé. Mo-Lè-Ṣe-É, bí ọ̀bẹ ti mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Wọ́n ń ra èkù, wọ́n ń fi ọ̀bẹ ṣiṣẹ́. Ìwọ Ra-Á-Wá, o ra èkù, o fi ń ro ọbẹ̀."

Àwọn méjèèjì jókòó.

Olóyè àgbà ti ń yí tábìlì ká láti ìgbà náà, ó ń fi àtàǹpàkò tọ́ etí rẹ̀. Ó dúró.

"Etí mẹ́ta dúdú. Ìkan yìí funfun."

"Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dé, Bàbá!" Mo-Lè-Ṣe-É ní. "Igi atọ́nà kan wà tí mò ń so mọ́ ọn, tó ń tọ́ pákó sọ́nà. Etí yẹn ni igi náà á máa fi rìn. Bí mo ṣe bá a, gbágungbàgun ni, bí eyín arúgbó. Igi mi ò rìn. Mo wá gbé ìfági, mo fá a. Ìwọ̀n èékánná ni o! Ẹ fi ọwọ́ tọ́ ọ wò, ẹ ò ní rí gọ́ńgọ́ kan."

"O rí àwòrán níbẹ̀ kí o tó fá a?"

"Mo rí àwọn fínfín kan."

"O mọ̀ pé ìyá ìyàwó rẹ ló fín wọn?"

Ọkùnrin náà gbé èjìká. "Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n téèpù wà lọ́jà, Bàbá. Ta ló tún ń fi tábìlì wọn ènìyàn? Púpọ̀ nínú àwọn tó ni wọ́n gan-an ti kú. Òkú kì í rán aṣọ."

Aránṣọ kò kígbe mọ́. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé ẹni tó ń gbálẹ̀ sún mọ́ iwájú kó lè gbọ́.

"Ọmọbìnrin ẹlẹ́ja wá bá mi lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú. Ó ní kí n rán ẹ̀wù fún òun, kí n fi ìwọ̀n ìyá òun rán an. Mo ní yóò gùn jù fún ọ. Ó ní òun mọ̀. Mo na aṣọ láti igun dé ibi ẹja yẹn, mo gé e. Ó wọ̀ ọ́, ó ń wọ́lẹ̀. Kò jẹ́ kí n ká etí rẹ̀."

Olóyè obìnrin kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ó ti ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé iná jó ẹ̀wù yẹn, òun fẹ́ òmíràn," aránṣọ ní. "Mi ò tíì fèsì."

Mo-Lè-Ṣe-É wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Kábíyèsí, kò le tó bẹ́ẹ̀! Èmi fúnra mi á fín àwọn àmì náà padà. Ẹja, kọ́kọ́rọ́, èwo ni kò ṣeé ṣe níbẹ̀? Mo lè..."

"ṢE É!" ni gbogbo ilé fi gbà á lẹ́nu.

"Wàá fín in padà," Baálẹ̀ ní. "Sí ibo? Ẹja yẹn jìnnà sí igun tó báwo?"

Ọkùnrin náà la ẹnu. Kò mọ̀ ọ́n. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ náà kò mọ̀ ọ́n; kò sígbà tó fi téèpù wọn ọ́n rí.

Baálẹ̀ bá àwọn olóyè sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ díẹ̀. Kò pẹ́ rárá. Ó wá ní:

"Mo-Lè-Ṣe-É, dìde. O ní ohun tó tẹ́jú lò ń wá kiri ilé. Wọ́n ti rí i fún ọ. Láti ọ̀la lọ, ìwọ ni tábìlì. Aago mẹ́jọ òwúrọ̀, wàá dé ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ, wàá fi ọwọ́ àti orúnkún kúnlẹ̀, yóò tẹ́ aṣọ sí ẹ̀yìn rẹ, yóò gé e. Bí o bá mì, tí sísọ́ọ̀sì ṣìnà, ẹ̀wù yẹn di tìrẹ. Wàá wọ̀ ọ́ yí àdúgbò ká, ì báà jẹ́ ẹ̀wù obìnrin."

"Kábíyèsí! Títí di ìgbà wo?"

"Títí wàá fi kan tábìlì mìíràn fún un. Ayùn ọwọ́, ìfági ọwọ́. Bí mo bá gbọ́ ìró ẹ̀rọ kan ṣoṣo, wàá bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹsẹ̀. Kò sì gbọdọ̀ ní ihò."

"Ẹ̀yìn mi ò tẹ́jú, Kábíyèsí."

"Fá a."

Ó gba àwọn ènìyàn ní àkókò díẹ̀ kí wọ́n tó lè dákẹ́.

"Èyí tó wà ní yàrá yín," Baálẹ̀ tẹ̀síwájú, "ẹ má fọwọ́ kàn án. Ìyàwó rẹ yóò máa sùn lórí ibùsùn. Ìwọ máa sùn lórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Lẹ́yìn èyí, wàá mú okùn, wàá lọ sí ilé gbogbo àwọn tí ìyá yẹn gé àmì wọn, wàá wọn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, kí o tó kí wọn, wàá ní: 'Èmi ni mo fá yín dànù.' Wọ́n sì lè bú ọ títí yóò fi tẹ́ wọn lọ́rùn kí wọ́n tó na apá."

Ó kọjú sí Ra-Á-Wá. "Ọjọ́ méje. Kí ọ̀rá kúrò, kí fèrèsé kan jáde láti orí tábìlì rẹ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí o gbé e wá síbí. Ọbẹ̀ ń dà lórí tèmi."

Wẹ́dà ń fẹ́ yọ́ jáde. "Èmi ńkọ́, Kábíyèsí?"

"Orí rẹ ti gba ìdájọ́ tirẹ̀. Máa lọ."

Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Mo-Lè-Ṣe-É kò kúrò lójú kan. Ó ń fi ìka kà lọ́wọ́, ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí.

"Kábíyèsí, àwọn tó ti kú ńkọ́? Ẹnu ọ̀nà wo ni kí n lọ kàn?"

Baálẹ̀ wo olóyè àgbà. Olóyè àgbà bọ́ gíláàsì rẹ̀. Aránṣọ ní kí àwọn ọkùnrin mẹ́rin náà bá òun gbé tábìlì padà, wọ́n sì gbé e.

Àmì mọ́kànlélógójì ló wà létí rẹ̀ kí ìfági tó kàn án. Ènìyàn mẹ́rìndínlógún nínú àwọn tó ni wọ́n ti kú, kò sì sí ẹni tó mọ ìwọ̀n wọn mọ́.